Lẹ́tà sí Bọ́lá lórí ọ̀rọ̀ Rísì

Ìtá-Ọsù,
Ìjẹ̀bú-Òde.

Bọ́lá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àárò rẹ ń sọ mí gidi, pàápàá báyìí tí Iléyá ti ń sún mọ́lé, tí gbogbo ìlú ti ń múra Ojúde Ọba. Fẹ́mi ti parí ní Àgó-Ìwòyè, ó ń retí ìwé àgùnbánirọ̀. A ti pààrọ̀ páànù ilé Màmá. Ọkọ mi ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ Rísì ọ̀rẹ́ wa ló gbé kálámù lé mi lọ́wọ́. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí bí mo bá ti ń bá ọ sọ̀rọ̀, òun náà á ti jókòó tì mí, á máa ní, "Gbé e fún mi, gbé e fún mi." Àbúrò ọkọ mi tó ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

Ẹgbẹ́ wa ti mú aṣọ ọdún. Rísì wá búra pé aṣọ òun tọdún yìí ò ní tóbi tó ti èṣí. Látìgbà náà ló ti kọ ẹ̀bà, tó kọ ìkọ́kọrẹ́, Rísì tó máa ń bá wa ha ìsàlẹ̀ ìkòkò! Tíì kan tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ rù ló ń mu láàárọ̀, á di alẹ́ kó tó fẹnu kan nǹkan. Ìgbẹ́ ni tíì yẹn ń yà á. Omi ara ló ń bá a lọ, ọ̀rá wà níbi tó wà.

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Ajé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń wọn léèsì fún oníbàárà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, téèpù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ sí i lára. Mo sáré ra ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ìgbà tó mu ún tán ni ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo bi dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mi ò dárúkọ ẹni kankan. Ó ní ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé obìnrin 439 tó sanra, tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, fún ọdún kan. Ọdún 2012 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Àwọn kan dín oúnjẹ kù nìkan, àwọn kan ṣe eré ìdárayá nìkan, ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, àwọn kan pa méjèèjì pọ̀, wọ́n sì fi àwọn kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ká ní ẹnì kan wọn kìlò 100: oúnjẹ nìkan mú kìlò 8.5 lọ, eré ìdárayá nìkan mú 2.4, méjèèjì pọ̀ mú 10.8.

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi dáadáa. Àwa tí a ń rìn ládùúgbò láàárọ̀, ìrìn kíákíá oníṣẹ̀ẹ́jú 45 lè jó nǹkan bíi kálórì 200. Gàrí gíráàmù 100 péré ti lé ní 300, a ò tíì dé orí ọbẹ̀. Obìnrin kan wà láàárín wa, bí a bá ti rìn tán, ọ̀dọ̀ alákàrà ló ń gbà lọ. Kò fo ọjọ́ kan rí, ìwọ̀n rẹ̀ ò sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ní ẹni tó bá fi oúnjẹ nìkan rù, iṣan ara rẹ̀ ń bá ọ̀rá lọ, eré ìdárayá ló ń di iṣan mú. Bọ́lá, iṣan yẹn la máa fi dìde lórí àga tí a bá dàgbà! Èmi ò kọ ẹ̀bà, mo bu ú kù ni, mo fi ẹ̀fọ́ dí àyè rẹ̀, mi ò sì fi ìrìn sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fún Rísì náà nìyẹn.

Ó sọ fún mi pé òun ti ní kí o bá òun wá abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rù lọ́hùn-ún. Jọ̀ọ́, má tíì fi ránṣẹ́. Ohun tí kò sọ fún ọ ni pé ó ti ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà láti èṣí. Oògùn yẹn ló ń lò sí inú òfìfo tí ṣúgà ara rẹ̀ fi ń já wálẹ̀, tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n. Ìwọ tó o jẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ibi tí ìyẹn lè já sí jù mí lọ. Bóyá abẹ́rẹ́ náà tilẹ̀ máa bá a lára mu, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ni kó sọ bẹ́ẹ̀.

Pè é. Má dárúkọ mi. Bi í ní oògùn tó ń lò. Láti kíláàsì kìn-ín-ní, kò lè parọ́ fún ọ. Sọ fún un kó padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ kó tó tún fo oúnjẹ kankan, kó sì wá máa bá mi rìn. Mo ti ra kánfáàsì fún un, nọ́ńbà 40, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Aṣọ ẹgbẹ́ tìrẹ náà wà lọ́dọ̀ mi. Fi ìwọ̀n rẹ ránṣẹ́ kí iṣẹ́ tó kún télọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Rísì ni kí o kọ́kọ́ pè.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bísí