Mílímítà mélòó ni iṣan ọkàn tó dá ṣáṣá?

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa kan tó ń ya àwòrán ọkàn ní Àjàṣẹ́ níbí la kọ̀wé yìí. Àwọn èèyàn ti ń ka iye mílímítà inú ìwé àyẹ̀wò wọn, ìyẹn bí ihò iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn ṣe fẹ̀ tó, bí ẹni ka nọ́ńbà bàtà: "Iṣan ọkàn mi jẹ́ 3, ṣé kò kéré?" Iṣan wo? Níbo lára rẹ̀? Lára ta ni?

Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1992 lórí àwọn tí iṣan ọkàn wọn kò lárùn ṣì wúlò fún wa. Ìdí iṣan òsì jẹ́ bíi mílímítà 4.5. Ẹ̀ka tó gba iwájú ọkàn sọ̀kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 3.7, kó tó dé ìsàlẹ̀ ó ti di 1.9. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, iṣan ọ̀tún ló ń bọ́ abẹ́ ọkàn, 3.9 ló sì jẹ́. Bó bá jẹ́ òsì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ọ̀tún á wà ní nǹkan bíi 2.8, kò sì sí àìsàn kankan níbẹ̀. Ti obìnrin fi bí ìdá 9 nínú 100 kéré sí ti ọkùnrin, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò ìtóbi ara.

Òṣùwọ̀n gan-an ló máa ń dani láàmú. Àwòrán máa ń sọ nǹkan di ńlá, nítorí náà rọ́bà tín-ín-rín tí a tì wọnú iṣan, tí a ti mọ bó ṣe fẹ̀ tó, ni kọ̀ǹpútà fi ń díwọ̀n iṣan inú àwòrán. Rọ́bà tí wọ́n kọ 6 French sí fẹ̀ tó mílímítà 2, torí French kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta mílímítà. Bí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá ṣèèṣì tẹ 7, 3.7 á di 4.3, gbogbo iṣan á sì sanra pa pọ̀ láìsí ẹni tó fura. Àṣìṣe kékeré yẹn ju ìyàtọ̀ ọkùnrin sí obìnrin lọ! Bí a kò bá sì kọ́kọ́ fún aláìsàn ní trinitrine, oògùn tó ń mú kí iṣan tú, iṣan tó sún kì la ń wọ̀n. Ẹ má wọ̀n ọ́n níbi tó ti pẹ̀ka. Ó máa ń fẹ̀ níbẹ̀.

Ta wá ni aláìlárùn? A kì í ti rọ́bà sínú ọkàn ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, nítorí náà àwọn tí àyà ń dùn, tí àwòrán wọn mọ́, ló sábà máa ń di "aláìlárùn" nínú ìwádìí. Ọ̀rá sì lè ti wà lára ògiri iṣan kí ihò rẹ̀ má tíì dín, torí iṣan máa ń fẹ̀ síta láti fàyè gbà á. Sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara láti ìta, lè rí ògiri yẹn. Rọ́bà kò rí ju ihò lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń kó wa ṣìnà: ọkàn tó ti nípọn nítorí rẹ̀ máa ń ní iṣan tó tóbi. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ̀n ti àwọn ará Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, kó kọ́kọ́ wọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kó sì fi ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara wo bí ògiri ọkàn ṣe nípọn tó.

Ẹ jẹ́ kí ìwé àyẹ̀wò máa kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mílímítà: iṣan wo, ibi tí a ti wọ̀n ọ́n, ọkùnrin tàbí obìnrin, gíga àti ìwúwo, ìhà tó ń bọ́ abẹ́ ọkàn, àti bóyá a fún un ní trinitrine.

Àwa òǹkàwé yín,
Àjàṣẹ́