Kẹ́mi, Má Tíì Pa PHP Tì

Okun o, Kẹ́mi ọmọ mi,

O ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ l'Ékòó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé PHP, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì, lo mọ̀, pé èdè àwọn àgbààgbà ni, o sì fẹ́ pa á tì. O tún ní kí n má bínú, torí òun ni mo fi tọ́ ọ. Inú ò bí mi rárá. Ọ̀rọ̀ náà kàn gùn ju ti orí fóònù lọ ni, owó orí káàdì mi sì ti ń tán lọ.

Àwọn tó ń bú PHP ò parọ́. Rasmus Lerdorf tó gbé e jáde ní 1995 kò jókòó pé òun fẹ́ dá èdè sílẹ̀. Ojú ìwé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń tọ́jú, ló bá kọ àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn gbà á lò, wọ́n fi tiwọn kún un, ó di ńlá báyìí. Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi rí játijàti. Mú in_array àti strpos, àṣẹ méjì tí a fi ń wá nǹkan: in_array fẹ́ kí o kọ́kọ́ sọ ohun tí ò ń wá, strpos fẹ́ kí o kọ́kọ́ sọ ibi tí o ti ń wá a. Títí di òní mo ṣì máa ń yẹ ìwé wò kí n tó kọ èyíkéyìí nínú wọn.

Wọ́n pè mí sí Ìsánlú nígbà kan nítorí ètò kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn kọ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí nọ́ńbà wọn fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀, bí ISL/04, ni ẹ̀rọ ń sọ pé wọn ò ní nọ́ńbà. Akápò ti ń fura sí akọ̀wé, akọ̀wé ti ń fura sí kọ̀ǹpútà. Ìlà kan ṣoṣo ló fa gbogbo wàhálà náà:

if ($nomba == 0)

Ó ń béèrè bóyá nọ́ńbà jẹ́ òdo, ìyẹn ni pé kò sí. PHP ayé ìgbà yẹn, bí o bá ní kó fi ọ̀rọ̀ wé òǹkà, yóò kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà di òǹkà ná. ISL/04 ò fi òǹkà bẹ̀rẹ̀, ó bá sọ ọ́ di òdo, òdo sì bá òdo mu. Mo sọ ìlà náà di === '0', tí kì í sọ ọ̀rọ̀ di òǹkà kó tó fi wé nǹkan, ó parí. PHP 8 tó jáde ní 2020 ni wọ́n tó tún èyí ṣe nínú èdè náà fúnra rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ mọ̀ pé àléébù wà. Èmi fẹ́ kí ìwọ mọ ibi tó wà, ohun tó fà á, àti ẹ̀dà tí wọ́n ti tún un ṣe. Ẹni tó ń pààrọ̀ èdè lọ́dọọdún kì í dé ibẹ̀.

Mú orúkọ tìrẹ wò. Kọ ọ́ tàmìtàmì: Kẹ́mi. strlen, àṣẹ tó ń ka gígùn ọ̀rọ̀, yóò ní 8 ni, torí báìtì, ẹyọ àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ló ń kà: ẹ gba 3, àmì ohùn orí rẹ̀ gba 2, lẹ́tà mẹ́ta yòókù gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. mb_strlen yóò ní 5 ni, torí ó ka àmì ohùn sí ẹyọ kan lọ́tọ̀. grapheme_strlen ni yóò sọ 4, bí ojú èmi àti ìwọ ṣe rí i. Bí o bá wá fi substr, tí òun náà ń ka báìtì, gé orúkọ kúrú kó lè gba inú rìsíìtì, o lè la ẹ sí méjì láìmọ̀, kí rádaràda jáde lórí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Irú nǹkan báyìí ni wọ́n fẹ́ tún ṣe láti ìpìlẹ̀ nínú PHP 6. Iṣẹ́ náà wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n fi í sílẹ̀ ní 2010, wọ́n sì fo láti 5 bọ́ sí 7. Ní kí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ka orúkọ rẹ ní JavaScript tàbí Python, àwọn èdè kọ̀ǹpútà mìíràn. 5 ni àwọn náà máa rí. Ohun tí o kọ́ dé ìdí nínú ọ̀kan ni wàá fi mọ ibi tí òmíràn ti ń ṣe ọ́ ní jàǹbá.

Ìfẹ́ tí mo ní sí èdè yìí, ó nídìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, wákàtí-wákàtí là ń sanwó kafé. Ìwé ìtọ́sọ́nà PHP ṣeé gbà sílẹ̀ lódindi, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà ilé, mo ń kà á nígbàkígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní títàn. Sáfà, ẹ̀rọ tí ojú òpó ń gbé orí rẹ̀, èyí tó rẹlẹ̀ jù lówó náà sì ń gba PHP. Fún ẹni tó wà ní Kàbà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kí o rọ̀ mọ́ ti àná. Láti 2013 ni PHP 5.5 ti ń kìlọ̀ pé mysql_query, àṣẹ àtijọ́ tó ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ń lọ. PHP 7 yọ ọ́ kúrò pátápátá ní Oṣù Kejìlá 2015. Igi gogoro má gùn mí lójú, mo ti ń kó àwọn oníbàárà mi bọ́ sí PDO, tó rọ́pò rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ náà tó pé. Àwọn kan ní yóò dára. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ni sáfà gbé ẹ̀dà tuntun sí i, ojú òpó wọn funfun báláú, àwọn olùkọ́ sì ń dúró de èsì ìdánwò lórí rẹ̀.

Èdè Go tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ yín, kọ́ ọ. Owó oṣù wọn ni kó o fi kọ́ ọ, kó má jẹ́ oorun rẹ. Áàpù fóònù, má fi PHP dán an wò, èdè Kotlin wà ńbẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà. Laravel, àkójọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi PHP kọ, dára, èmi náà ń lò ó, àmọ́ mo ti rí àwọn ọmọ tó mọ Laravel tí wọn ò mọ PHP. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nísàlẹ̀, wọ́n á kàn máa wojú ara wọn ni. Má wà lára wọn, jọ̀wọ́.

Àwọn tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ níbí, tí mo kọ ìwé ìṣirò ìwọ̀n fún, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè èdè tí mo fi kọ ọ́ rí. Bóyá yóò ṣí lórí Tecno ni wọ́n ń béèrè, àti bóyá á gbà nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà.

Fọ́ńṣọ̀n tí o ní ọ̀gá yín ní kí o tún kọ, fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó fọwọ́ kàn án. Fi ti dátábéèsì náà sí i, ṣùgbọ́n yọ ọ̀rọ̀ aṣínà kúrò. Bàbá rẹ ti fi ẹ̀gúsí rán awakọ̀ sí ọ, nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú tẹ́ẹ̀sì tí mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Tètè pè é, kò ní dúró pẹ́ ní gáréèjì.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Kàbà.