Jẹ tó wà nínú ìjọba kì í ṣe jẹ ti oúnjẹ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí yín. Ó ti di nǹkan tí wọ́n máa ń sọ lórí rédíò níbí ní Ìbàdàn, wọ́n á ní ṣé ẹ ò rí i wípé jíjẹ ló wà nídìí ìjọba, ì-jẹ-ọba ni, àwọn baba wa fúnra wọn ló ti fi sínú èdè wípé ẹni tó bá ti débẹ̀ kó máa jẹ ni, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, atọ́kùn ètò náà á ní òdodo ọ̀rọ̀. Kì í ṣe òdodo o.

Wípé ìjọba wá látinú jẹ ọba, ìyẹn ò lárìíyànjiyàn, bí ìjòyè náà ṣe wá látinú jẹ oyè nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ibi tí Yorùbá tún ti ń lo jẹ yẹn. Ẹni tó yáwó tí ò tíì san, ó jẹ gbèsè. Ẹni tí ẹjọ́ dá lẹ́bi, ó jẹ̀bi. Ẹni tí wàhálà bá, ó jìyà, ẹni tí bàbá ẹ̀ kú tó filé sílẹ̀ fún, ó jogún, gbèsè bàbá náà sì lè wà nínú ogún ọ̀hún. Ta ló wá ń fẹnu jẹ gbèsè? Ohun tó bá bọ́ síni lọ́rùn tí ò ṣeé jù sílẹ̀, ó dùn ni o ó korò ni o, wọ́n á ní a jẹ ẹ́, oyè náà wà lára ẹ̀. Ẹni tó ń kó owó ìlú sápò, Yorùbá ò wá orúkọ tì fún un, jẹgúdújẹrá ni wọ́n ń pè é.

Ìbàdàn gan-an ló yẹ kí èyí ti yé èèyàn jù. Kò sí ọmọ ọba tó jókòó sílé níbí tó ń retí adé. Èèyàn á kọ́kọ́ jẹ Mọ́gàjí agboolé ẹ̀, Mọ́gàjí yẹn ọ̀rọ̀ Hausa ni, àrólé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà á jẹ Jagun, á máa gun àkàbà oyè lọ díẹ̀díẹ̀ sórí àga olórí ìlú, bóyá níhà Ọ̀tún bóyá níhà Balógun, òmíràn á kú sójú ọ̀nà. Baálẹ̀ sì ni wọ́n sábà ń pe olórí wa títí di 1936 tó di Olúbàdàn lórí Abàsì Aléṣinlóyè. Àwọn kan máa ń fi Baálẹ̀ yẹn bú wa, wọ́n á ní oyè abúlé ni, wọ́n gbàgbé wípé ìgbà tí Ìbàdàn ò ní adé kankan yẹn náà làwọn ọba aládé ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń sìn ín.

Ààrẹ tá a wá ń pe olórí orílẹ̀-èdè lónìí ńkọ́? Oyè ogun ni. Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò níbí, ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó wà lẹ́nu ogun yẹn títí ó fi kú ní 1885, ogun ò sì parí títí di 1893. Èwo ni oúnjẹ níbẹ̀?

Wọ́n tún máa ń fi Kábíyèsí gbè é lẹ́sẹ̀, wípé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi ọba léèrè. Ẹ bi àwọn ará Ọ̀yọ́ wò. Láyé àtijọ́, Aláàfin tí wọ́n ń kí ní Kábíyèsí láàárọ̀ náà ni Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè afọbajẹ, lè gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí, ó sì mọ̀ wípé ikú ló kàn.

Nítorí náà mo bẹ àwọn atọ́kùn wa, tí wọ́n bá fẹ́ bú olè kí wọ́n bú olè, kí wọ́n fi èdè wa sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ àmì orí àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrò, torí baálé nìkan lèmi jẹ́ nílé mi, mi ò tíì jẹ baálẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.