Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí Lílo Dírílì

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé ọ̀gá rẹ ti ń jẹ́ kí o fi dírílì lu ihò sára férémù fèrèsé alumíníọ̀mù. Inú mi dùn sí i, nítorí kì í ṣe gbogbo ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń fi irinṣẹ́ oníná lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ìgbà tí dírílì bá dákẹ́ gan-an ni kí o ṣọ́ra fún un jù.

Bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìka ń fà, èyí tí ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa yí lọ láìjẹ́ pé ìka wà lórí rẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì mú iná lọ lójijì, dírílì yóò dákẹ́ bí ẹni pé o ti pa á. O lè gbàgbé, kí o di orí rẹ̀ mú láti pààrọ̀ bíìtì, irin ẹnu rẹ̀ tí ń lu ihò, àfi kí wọ́n mú iná dé tàbí kí ẹnìkan tan jẹnẹrétọ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́ ọ lọ́wọ́. Nítorí náà, má ṣe lo bọ́tìnì yẹn rárá. Bí iná bá ti lọ, tàbí bí o bá fẹ́ pààrọ̀ bíìtì, yọ wáyà rẹ̀ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ná. Yọ kọ́kọ́rọ́ tí o fi ń de bíìtì kúrò lórí dírílì pẹ̀lú, torí bí dírílì bá yí, ó máa ń fò bí òkò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbọ̀wọ́ ń dáàbò bo ọwọ́, ṣùgbọ́n ní ti dírílì, bíìtì tí ń yí lè wé ìbọ̀wọ́ náà kí ó sì fa ìka mọ́ ọn. Bọ́ ọ, bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, kí o sì di irun rẹ sínú fìlà. Àtàṣímẹ́ǹtì gígùn yẹn kò yẹ níbi iṣẹ́. Ojú rẹ ni kí o fi awò bò.

Alumíníọ̀mù tín-ín-rín ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí bíìtì bá ti fẹ́ là á já, ó máa ń gbá a mú, a sì fi í yí, etí rẹ̀ a sì gé ọwọ́ tí ó dì í mú. Fi kíláàǹpù dè é mọ́ tábìlì, fi pákó sí abẹ́ rẹ̀, kí o sì dín agbára kù nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó là á já. Bí ó bá jẹ́ ògiri kọnkéré, fi ọwọ́ méjèèjì di dírílì mú, torí bí bíìtì bá kan irin inú rẹ̀, ó lè lọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́. Má ṣe lu ògiri ní tààrà òkè tàbí ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súwíìsì, nítorí wáyà iná 230 volt sábà máa ń gba ibẹ̀.

Mo ti fi awò ìbojú rán ìyá rẹ sí ọ. Bí o bá rí i pé wáyà dírílì ti bó, tí wọ́n kàn fi ọ̀rá wé e, sọ fún ọ̀gá rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bàbá rẹ ní kí o má fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.