Òdo Tí Wọ́n Kọ Síwájú Orúkọ Wa

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì lè gbé e mì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni fọ́ọ̀mù kan dé láti ọ́fíìsì tí ẹgbẹ́ wa ń jábọ̀ fún níbí ní Amẹ́ríkà. Èèyàn mẹ́sàn-án péré ni wá, gbogbo wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. À ń lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé mọ́ṣáláṣí, à ń kìlọ̀ fún àwọn àgbàlagbà wa kí àwọn oníjìbìtì má baà fi káàdì Medicare wọn jalè, ìyẹn káàdì ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń sanwó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Odidi ọdún kan la fi rìn, nínú yìnyín, nínú oòrùn. Níbi tí wọ́n kọ "owó tí ẹ rí gbà padà" sí, ìyẹn lọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì, òdo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ wa. Òdo! Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí a lọ tún ọ̀nà tí à ń gbà ṣiṣẹ́ yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ kejì tí fọ́ọ̀mù yẹn dé gan-an ni bàbá kan nínú ìjọ wa pè mí. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ẹnì kan ń bẹ lórí fóònù ilé o. Ó ní ìjọba fẹ́ fi káàdì oníke pààrọ̀ káàdì onípépà ọwọ́ mi, kí n ka nọ́ńbà inú rẹ̀ fún òun. Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́sí nìyí?" Mo ní, "Òun gan-an ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yẹn." Wọ́n pa á. Ọ̀rọ̀ parí. Mélòó ni ìyẹn ní dọ́là? Níbo ni kí n kọ ọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù wọn? Kò sí àyè fún un. Ká ní Bàbá ka nọ́ńbà yẹn ni, tí wọ́n fi gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́wọ́ ìjọba fún ìtọ́jú tí wọn ò ṣe, tí ìjọba wá gba díẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nígbà yẹn ni fọ́ọ̀mù ì bá rí nǹkan kọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú. Àfi bí olè bá jà tán kí wọ́n tó gbà pé a ṣiṣẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé nílé, bàbá ọlọ́dẹ kan máa ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru. Á máa lu irin rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, àwọn òbí wa á gbọ́ ọ lójú oorun, wọn á yí ẹ̀gbẹ́ padà. Oṣù lè jẹ oṣù mọ́ra kí olè kankan má yọjú. Kò sí baálé ilé kankan tó sọ fún bàbá yẹn pé níwọ̀n ìgbà tí kò mú olè lóṣù yìí, òun ò ní dá owó ọdẹ.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe yìí kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Senior Medicare Patrol la ti rí i kọ́, ètò tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1997 pẹ̀lú ẹ̀ka 12, tó ti di 54 báyìí, tó kárí gbogbo ìpínlẹ̀ títí dé Puerto Rico àti Guam. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ́fíìsì olùbẹ̀wò àgbà ti iléeṣẹ́ ìlera, tí wọ́n ń pè ní OIG, ti ń kọ ìròyìn lórí bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ sí: iye èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn, iye wákàtí, iye ìpàdé, iye owó tó padà wọlé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí OIG ti kọ sínú ìròyìn yẹn láìmọye ìgbà, tí àwọn tó kọ òdo fún wa kò kà. Wọ́n ní àgbàlagbà tó gba ẹ̀kọ́ lè fúnra rẹ̀ pe nọ́ńbà ìjọba láti fi ẹjọ́ sùn, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Wọ́n tún ní jìbìtì tí kò ṣẹlẹ̀ rárá, nítorí pé ojú àwọn àgbàlagbà wà lára ìwé wọn, kò ṣeé kà. Àwọn tó ń ṣírò náà mọ̀ pé ìṣirò ò kún! Àwọn ọ̀gá kéékèèké tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni kò fẹ́ mọ̀.

Ẹ wo ti ìyá kan tí àwa méjì jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Medicare máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sílé láti sọ ohun tí àwọn dókítà àti ilé ìtajà ohun èlò ìwòsàn ti gbowó lé lórí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí rẹ̀ pé kì í ṣe bíìlì. Ọ̀pọ̀ ìyá wa kì í ṣí i. Bí wọ́n bá ti rí àpò ìwé ìjọba, abẹ́ tìmùtìmù ló ń lọ, wọ́n ní ọmọ á kà á bó bá dé, ọmọ sì ń ṣe iṣẹ́ méjì lójúmọ́. Ìyá yìí ṣí tiẹ̀ nítorí a ti fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n bá rọ́bà ìtọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ojú ara aláìsàn tí kò lè dá tọ̀, tí ilé ìtajà kan tí wọn ò mọ̀ rí ti gbowó lé lórí. Ìyá tó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì! Wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn bá wọn pe 1-800-MEDICARE, wọ́n sì fi ẹjọ́ sùn. Wọn ò pè wá. Ìdùnnú ló jẹ́ fún mi pé wọn ò nílò wa mọ́. Nínú fọ́ọ̀mù, òdo ni.

Rọ́bà yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn ẹgbẹ́ dókítà àti ilé ìwòsàn kan tó yẹ àkọsílẹ̀ Medicare wò rí i pé ní 2023, wọ́n fi orúkọ èèyàn tó lé ní 450,000 gbowó rọ́bà ìtọ̀, owó tí ilé ìtajà méje péré béèrè sì tó bílíọ̀nù 2 dọ́là. Ní 2019, ti òwú ni: wọ́n á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà, wọ́n á ní àyẹ̀wò àrùn jẹjẹrẹ ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì lọ gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ Medicare. Mo fi ojú ara mi rí tábìlì wọn nínú gbọ̀ngàn kan tí a ti ń ṣe àríyá, àwọn bàbá wa tò síbẹ̀ bí ẹni fẹ́ gba ìrẹsì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ìjọba fẹ̀sùn kan èèyàn 35 lórí jìbìtì irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, owó tó wà nínú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 2.1. Ní oṣù kẹfà 2025, wọ́n fẹ̀sùn jìbìtì ìlera kan èèyàn 324 lẹ́ẹ̀kan náà, bílíọ̀nù 14.6. Ta ló rò pé ènìyàn mẹ́sàn-án tó ń wọ bọ́ọ̀sì káàkiri ló yẹ kó lọ gba irú owó yẹn padà? Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba nìyẹn. Tiwa ni kí ẹnu àgbàlagbà má ka nọ́ńbà fún olè.

Wọ́n tún ń ka orí. Ẹni tó gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà ọjà ńlá, tí 500 èèyàn kọjá níwájú rẹ̀, 500 ló máa kọ. Àwa jókòó ti ìyá méje fún wákàtí méjì, a fi Yorùbá ṣàlàyé, wọ́n bi wá ní ìbéèrè títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná. Méje la kọ. Ta ló ṣiṣẹ́ jù?

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí a bá ti bá àwọn àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀, kí wọ́n mú mẹ́wàá nínú wọn, kí wọ́n pè wọ́n, kí wọ́n bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta. Ṣé ẹ ṣí ìwé tó wá láti Medicare? Ṣé ẹnì kan ti bi yín ní nọ́ńbà káàdì yín, kí lẹ sì sọ fún un? Ta lẹ ti kọ́ ní ohun tí ẹ gbọ́? Kí wọ́n tún bi mẹ́wàá mìíràn ní ìjọ tí a kò tíì dé, kí a lè mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ wà. Ìyẹn ni mo pè ní ìṣirò. Ẹni tí wọ́n mọ ohùn rẹ̀ ni kó pè, kó sì jẹ́ ní èdè wọn, nítorí àwa fúnra wa la kọ́ wọn pé kí wọ́n má dá àjèjì lóhùn. Kí wọ́n ti fi ọjọ́ ìpè sí wọn létí lọ́jọ́ ìpàdé. Kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè nọ́ńbà káàdì láéláé, kódà bó jẹ́ èmi ni.

A ti gbìyànjú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. A pe mọ́kànlá. Mẹ́fà ti ṣí ìwé wọn. Mẹ́rin ti já fóònù mọ́ oníjìbìtì létí. Ìyá kan dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá bú sẹ́kún: wọ́n ti ka nọ́ńbà náà fún ẹnì kan kí a tó dé ìjọ wọn, ojú ń tì wọ́n láti sọ fáwọn ọmọ. Oṣù márùn-ún ni wọ́n ti fi gbé e sínú. A bá wọn pe Medicare lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gba nọ́ńbà tuntun. Ká ní a ò pè padà ni, ta ni ì bá mọ̀?

Kí wọ́n tún fún wa ní owó ọkọ̀. Kí wọ́n tẹ ìwé pélébé ní Yorùbá. Bí a bá sì fi ẹjọ́ ránṣẹ́, kí wọ́n sọ ibi tó já sí fún wa.

Mo ti dá fọ́ọ̀mù wọn padà lọ́jọ́ Ajé. Mi ò pa òdo náà rẹ́. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà pé èèyàn mẹ́rin pa fóònù, ìyá kan gba nọ́ńbà tuntun, bàbá kan pè mí lórí fóònù kejì. Lọ́jọ́ Sátidé, a tún ń lọ sí ìjọ mìíràn.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì,
Amẹ́ríkà