Ìyẹ̀fun ni wọ́n fi rú ẹbọ náà, kì í ṣe ẹran

Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ọ̀gbẹ́ni kan ti ní àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá fi ẹran du Ádámù. Ẹ̀rí tó mú wá ni Jẹ́nẹ́sísì orí kìn-ín-ní, ẹsẹ 29. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ní ewéko àti èso igi ni yóò jẹ́ “meat” fún ènìyàn. Tiwa ní oúnjẹ. Ọ̀gbẹ́ni náà ní àṣìtúmọ̀ gbáà ni, torí ẹran ni meat. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe tà ní Ìkirè, n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ mi.

Kí ọ̀gbẹ́ni náà ṣí Léfítíkù orí kejì nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì yẹn kan náà. “Meat offering” ni wọ́n pe ẹbọ tó wà níbẹ̀. Kí ni wọ́n fi ń rú u? Ìyẹ̀fun kíkúnná, òróró àti tùràrí. Ó tán. Èmi tí mo ti ń po ìyẹ̀fun láti 1989, tí mo sì ń ṣe meat pie ní ọjọọjọ́ Jímọ́ọ̀, mo lè búra pé bí ẹ po ìyẹ̀fun mọ́ òróró títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ kò ní í bá ẹran níbẹ̀ àyàfi tí ẹ bá fi sí i. Ọrẹ-ẹbọ ohun jíjẹ ni Bíbélì tiwa pè é. Wọ́n tọ̀nà.

Láyé ìgbà yẹn, ohunkóhun tí ẹnu bá ń jẹ ni Gẹ̀ẹ́sì lè pè ní meat. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá di ti ẹran nìkan. Sweetmeat ṣì ń jẹ́ ohun àdídùn títí dòní, kò sì sí eegun nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni deer, tí wọ́n fi ń pe ìdílé àgbọ̀nrín báyìí: ẹranko èyíkéyìí ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò ṣàjèjì sí wa. Ọkọ̀ tí àwọn baba ńlá wa ń wà, orí omi ló wà kí mọ́tò tó dé. Lónìí, ẹni tó bá ní òun ń lọ wọkọ̀, ta ló ń ronú odò?

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Fọ́ọ̀mù tú ni mo wà, ní 1974, mo kà á nínú Máàkù pé Jésù ní “Suffer the little children.” Mo gbé e tọ bàbá mi lọ, tí wọ́n máa ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé Jésù fẹ́ kí àwọn ọmọdé jìyà ni? Ẹ̀kọ àti àkàrà ni wọ́n ń jẹ lọ́wọ́. Wọ́n gbé Bíbélì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà, wọ́n fi ìka kan sórí suffer, wọ́n fi èkejì sórí “Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kékeré.” “Ṣó o rí i? Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbà wọn nìyẹn. Ẹni tó bá suffer nǹkan, ó gbà á láyè ni.” Epo ìka wọn ṣì wà lójú ìwé náà títí di bí mo ti ń kọ èyí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni let. Lónìí, ẹni tó bá let ọ ti yọ̀ǹda fún ọ. Nínú ìwé kejì sí àwọn ará Tẹsalóníkà, orí kejì, ẹni tó ń let, ó ń dínà ni! Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹnu ló sọ ìró wọn di ọ̀kan. Ọmọ mi tó wà ní Manchester ka ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún mi lórí fóònù: wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kó kọjá “without let or hindrance.” Láìsí ìdènà nìyẹn. Àwọn tó túmọ̀ tiwa kọ ìdènà síbẹ̀, wọn ò ṣìnà.

Ǹ bá sọ pé àpilẹ̀kọ ọ̀gbẹ́ni náà nice, àmọ́ ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, òmùgọ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pè. Kó kàn bá wa tún èyí tó kọ ṣe. Bó bá sì gba Ìkirè kọjá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kó yà lọ́dọ̀ mi, màá fún un ní meat pie gbígbóná. Èyí tó lẹ́ran nínú.

Ìyá Oníbúrẹ́dì,
Ìkirè.