Fọ́ọ̀mù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Tó Tún Ń Lé Wa Lọ Sí Ọ́fíìsì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi gan-an ni bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Alẹ́ àná ni mo jókòó ti fọ́ọ̀mù láísẹ́ǹsì mọ́tò lórí fóònù mi, ojú ewé mẹ́sàn-án ni, mo kọ orúkọ, mo kọ àdírẹ́sì, mo fi fótò sí i wọ́n ní ó tóbi jù, mo dín in kù wọ́n ní ó ti kéré jù, ìgbà tó yá ṣá ó gbà. Ó wá ku ojú ewé kan péré, mo dìde lọ mú káàdì báńkì nínú báàgì, kí n tó padà jókòó, ohun tí mo bá lójú fóònù ni pé àkókò mi ti tán, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ ti lọ! Mo ká ọwọ́ lérí. Mo tún gbogbo ẹ̀ kọ, ó di òru kó tó wọlé, wọ́n wá ní kí n tẹ fọ́ọ̀mù ọ̀hún jáde sórí ìwé kí n mú un wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú fótò méjì. Fótò wo tún ni, ṣebí ó ti wà lọ́wọ́ yín?

Mi ò bá íntánẹ́ẹ̀tì jà o. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń san owó iná àti owó omi báyìí, bàbá mi tí orúnkún ń dùn ò lọ tò sórí ìlà ní báńkì mọ́, èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa wo owó wọn lórí fóònù, tí wọ́n bá ti rí i wọ́n á ní "ó ti wọlé", wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀rùn tí mo ń sọ nìyẹn, òun gan-an ló jẹ́ kí ti àná yìí dùn mí wọra.

Àwọn ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí àwọn nǹkan wọ̀nyí, ó dá mi lójú pé wọn ò kọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n á ní nítorí olè ni àkókò ṣe ń tán, pé ẹnì kan lè ṣí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó lọ. Òótọ́ ni, ẹ ti ojú ewé náà pa nígbà náà, ẹ tún béèrè pásíwọọ̀dù lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ má da ohun tí mo kọ nù! Bí mo bá ti parí ojú ewé kan, kó wà nípamọ́, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí mi tí màá fi padà wá lọ́la, ì báà jẹ́ lórí fóònù ẹlòmíì, tí oṣù kan bá kọjá tí mi ò wá, kẹ́ ẹ wá pa á rẹ́. Kì í ṣe ohun tuntun. Láti 2008 ni àwọn W3C tó ń ṣe ìlànà fún ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ ọ́ sínú WCAG, ìlànà wọn tó ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn, títí kan àwọn aláàbọ̀ ara, lè lo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, pé tí àkókò bá máa tán, ọ̀nà kan ni pé kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún èèyàn, kẹ́ ẹ fún un ní ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 20 láti fi ṣe ohun tó rọrùn, bíi kó tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo, kó gba àkókò sí i. Bọ́tìnì kan! Ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún mi.

Ti fótò, ẹ sọ ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́ kí èèyàn tó fi ránṣẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù kan síbẹ̀, tí ẹnì kan á máa gbé bí a bá pè. Ti gbígbé ìwé kiri, ẹ lọ wo orílẹ̀-èdè Estonia, láti 2001 ni wọ́n ti ń fi ètò X-Road so kọ̀ǹpútà àwọn ọ́fíìsì ìjọba pọ̀, ohun tó bá wà lọ́dọ̀ ọ́fíìsì kan, èkejì á béèrè ẹ̀ níbẹ̀, wọn ò ní ní kí aráàlú gbé e wá.

Èèyàn ò lè fi gbogbo alẹ́ kọ nǹkan kẹ́ ẹ kàn dà á nù. Fótò méjì náà wà lórí tábìlì mi báyìí, mo ti tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, ọ̀la ni mò ń gbé wọn lọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín